Ìkọ́ Ogójì

Nọ́ọ̀sì ilé-ìwé kan fẹ́ olùkọ́ ìṣirò ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fẹ́ra, olùkọ́ náà ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ohun tí bàbá rẹ̀ kàn mọ́ ògiri.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rí ara wọn. Olùkọ́ náà pọn ọmọkùnrin kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òun fúnra rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ náà ń wọ́ nílẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ kan ti bọ́ lẹ́sẹ̀ olùkọ́ náà. Eruku ṣọ́ọ̀kì kún irun rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn yàrá ìtọ́jú, ó wọlé, ó sì dúró láàárín yàrá, kò mọ ibi tí yóò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ sí.

Nọ́ọ̀sì ń ká báńdéèjì lọ́wọ́. Kò dìde.

"Ẹ tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì kejì. Ẹnì kan ti wà lórí ti àkọ́kọ́."

Olùkọ́ wo bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó wo àga gígùn tó wà lábẹ́ fèrèsé. Ọmọ kíláàsì rẹ̀ méjì mìíràn jókòó síbẹ̀, wọ́n di inú mú.

"Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n?" nọ́ọ̀sì bi í.

"Èmi ni mò ń kọ́ wọn ní ìṣirò."

"Kí lẹ fún wọn jẹ?"

"Mi ò fún wọn ní nǹkan kan jẹ."

"Ọmọ mẹ́rin láti inú kíláàsì kan ṣoṣo, láàárín wákàtí kan, inú gbogbo wọn ń run. Tí kì í bá ṣe oúnjẹ, a jẹ́ pé ẹ̀yin ni."

Ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rántí pé ara òun ò yá, ó kérora.

Ọmọbìnrin kan wọlé tẹ̀lé wọn, ó tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó gbé bàtà olùkọ́ dání. "Tíṣà, bàtà yín rèé." Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Àǹtí, ẹ fi ọpọ́n sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó máa bì."

Nọ́ọ̀sì ò tíì na ọwọ́ sí ọpọ́n tán tí ọmọ náà fi bì. Nọ́ọ̀sì wo ọmọbìnrin náà dáadáa.

Kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ fò sókè lọ́jọ́ yẹn. Ojú ti olùkọ́ nítorí bàtà, ó sì ń wọ bàtà náà sódì. Ohun tí nọ́ọ̀sì rí ni pé ọkùnrin yìí pọn ọmọ ńlá bẹ́ẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sọ̀kalẹ̀ láì pe ẹnikẹ́ni kó ran òun lọ́wọ́. Ó bu omi fún un.

"Ẹ mu omi."

Ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní Mu-Omi.

Oṣù kẹta rẹ̀ nílé-ìwé náà nìyẹn. Ó ní rẹ́jísítà kan tó ń kọ gbogbo ẹni tó bá wá sí: orúkọ, kíláàsì, ohun tó ń ṣe é, ìtọ́jú. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó ṣí i padà sẹ́yìn. Ọmọ àwọn kíláàsì yòókù ń wá nígbàkígbà tí wọ́n bá ṣubú tàbí tí ibà bá mú wọn. Ọmọ kíláàsì yìí, Ọjọ́bọ̀ nìkan ni wọ́n ń wá, kí ẹ̀kọ́ kẹta tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ̀kọ́ kẹrin bá fi máa bẹ̀rẹ̀, ara gbogbo wọn á ti yá, wọ́n á máa bi í bóyá bisikíìtì ṣẹ́kù. Ó ti rò tẹ́lẹ̀ pé omi oníyọ̀ àti ṣúgà tóun ń fún wọn ló ń wò wọ́n sàn. Inú rẹ̀ ti ń dùn sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e, ó ti yàrá ìtọ́jú pa, ó gun òkè lọ. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó tó gbẹ̀yìn pátápátá. Ọmọbìnrin tó gbé bàtà wá ló jókòó síbẹ̀. Ẹnu-Ọ̀nà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kò tíì kúrò ní ìjókòó ẹ̀bá ilẹ̀kùn yẹn rí.

Pátákó kan wà lára ògiri iwájú tó gùn láti òkè àjà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀. Igi tó le ni, wọ́n gbẹ́ ẹ bí àkàbà, wọ́n sì fi epo pa á títí ó fi ń dán. Ìkọ́ ogójì ló wà lára rẹ̀, wọ́n to ara wọn wálẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ kékeré kan wà lórí ìkọ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ọmọ kan sì wà lára rẹ̀. Àkàbà ni gbogbo ilé-ìwé ń pè é. Ọjọ́rú ni olùkọ́ ń fún wọn ní ìdánwò kékeré. Tó bá di ẹ̀kọ́ kẹta lọ́jọ́ kejì, á máa gbé pákó wọn sókè sódò bí wọ́n ṣe gba máàkì sí, àwọn ọmọ á sì kó ìwé wọn lọ jókòó sí ibi tí ìkọ́ wọn bá sọ: ẹni àkọ́kọ́ níwájú, ẹni ogójì lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Wọ́n ṣe é lójú nọ́ọ̀sì. Ohùn àga tó ń wọ́ nílẹ̀ nìkan lèèyàn ń gbọ́. Nọ́ọ̀sì ò wo pákó. Ọwọ́ òsì olùkọ́ ló ń wò. Bó ṣe ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbé pákó, òsì di ikùn mú.

Nígbà tí agogo lù, olùkọ́ jáde bá a, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ wá wò wá. Ọdún mẹ́sàn-án léraléra, kíláàsì yìí ló ń ṣe ipò kìíní nínú ìdánwò àpapọ̀ gbogbo ilé-ìwé ìlú yìí. Bàbá mi ló gbẹ́ Àkàbà yẹn. Òun ló kọ́ kíláàsì yìí kó tó fẹ̀yìn tì."

"Ó mọ igi gbẹ́."

"Ẹ ṣé."

"Ìgbà wo lẹ jẹun kẹ́yìn?"

"Ẹ ní kí ni?"

"Oúnjẹ. Ìgbà wo?"

Olùkọ́ ronú. "Àná, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. N kì í lè jẹun láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn." Bó ṣe sọ ọ́ tán ni òun náà gbọ́ ohun tóun sọ.

"Ẹ wá," nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ wá mu omi."

Nígbà tí wọ́n dé yàrá ìtọ́jú, ó ṣí rẹ́jísítà, ó kọ ọ́ síbẹ̀: olùkọ́ ìṣirò, inú rírun.

"Ẹ ń kọ èmi náà sílẹ̀?"

"Inú ń run yín, ẹ sì wá síbí. Kí ni kí n kọ, pé ẹ wá kí mi?"

"Ẹ kọ ìyẹn náà kún un."

Kò kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín, èyí tí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, olùkọ́ sì padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e lẹ́yìn tí ilé-ìwé ti tú. Ó mú búrẹ́dì dání fún ẹni méjì. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jọ rìn dé ibùdó ọkọ̀. Ọkọ̀ nọ́ọ̀sì a dé, á kọjá, nọ́ọ̀sì á dúró de òmíràn. Olùkọ́ náà a máa ṣe bíi pé òun ò rí i.

Ní ọjọ́ kan ó gbìyànjú ọ̀rọ̀ dídùn. "Ojú yín yìí," ló ń wí, "bíi ti ìràwọ̀ tó…"

"Ẹ dúró. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ."

Ó nu iwájú orí rẹ̀. "Tí n kò bá rí yín lóòjọ́, ọjọ́ yẹn kì í pé."

"Ìyẹn yé mi." Ọkọ̀ kan tún kọjá. "Ẹ sì yéé pè mí ní ẹ. Mi ò bí yín."

"Kí ni kí n máa pè ẹ́?"

"Ohun tí àwọn ọmọ ń pè mí."

"Mu-Omi."

"Èmi náà á máa pè ẹ́ ní Alákàbà."

Orúkọ náà dùn mọ́ ọn. Ó rò pé oríyìn ni. Ibẹ̀ ló ti sọ ìtàn Àkàbà fún un. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó wà nínú kíláàsì bàbá rẹ̀, ó sì lo odindi sáà kan lórí ìkọ́ ogójì. Bàbá rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ fún gbogbo sáà náà. Ó kàwé, ó gòkè. Kí ọdún tó parí, ó dé ìkọ́ kìíní.

"Ohun tó sọ mí di èèyàn nìyẹn," ó wí, ó na àyà rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán. "Nígbà tó o kúrò lórí ìkọ́ ogójì, ta ló bọ́ síbẹ̀?"

"Háà?"

"Ìkọ́ yẹn ò lè ṣófo. Ta lo fi sílẹ̀ síbẹ̀?"

Ó ronú títí ọkọ̀ tirẹ̀ náà fi kọjá. Kò rántí. Ó rántí gbogbo máàkì tó gbà lọ́dún náà, ṣùgbọ́n kò rántí ọmọ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ló wá bá a pẹ̀lú ìwé àti bírò lọ́wọ́. "Fún mi ní orúkọ àwọn tó ń sá wá sọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́bọ̀. Mo fẹ́ ṣe nǹkan fún wọn."

Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ohun tó wà nínú rẹ́jísítà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fún èèyàn. Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kò tíì fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n ojú ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ bí ojú ẹni tó ti rí ọ̀nà, nọ́ọ̀sì sì ti fẹ́ràn rẹ̀. Ó da orúkọ mẹ́rìnlá kọ fún un. Orúkọ Ẹnu-Ọ̀nà wà nínú wọn.

Ní Ọjọ́bọ̀, olùkọ́ yọ pákó mẹ́rìnlá náà kúrò lórí Àkàbà. Ó rọra bá kíláàsì sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn mẹ́rìnlá yìí máa sinmi, ẹnikẹ́ni ò ní fi wọ́n sípò mọ́, kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n wà kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Ó ti jẹun láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó rò pé òun ti ṣe oore.

Gbogbo ẹni tó bá kọjá ló ń rí ìkọ́ mẹ́rìnlá tó ṣófo, bí eyín tó yọ lẹ́nu. Kí wọ́n tó lu agogo ìsinmi, gbogbo ilé-ìwé ti mọ àwọn ọmọ náà, wọ́n sì ti sọ wọ́n ní Àwọn Aláìsàn. Ẹnì kan fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ìkọ̀wé: Ẹ MU OMI. Lọ́jọ́ Ẹtì, Ẹnu-Ọ̀nà ò wá sílé-ìwé. Ọjọ́ Ajé, kò wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò wá.

Nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pe olùkọ́. Ó wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ jókòó," nọ́ọ̀sì wí.

Ẹ̀rín náà kú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fún ara wọn lórúkọ ni kò ti pè é ní ẹ mọ́.

"Mo fún yín ní orúkọ ọmọ, ẹ gbé e kọ́ ògiri."

"Mo yọ wọ́n kúrò lára ògiri ni, Mu-Omi. Mo fẹ́ dá wọn sí."

"Ẹ dá wọn sí lójú gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń tọ́jú wọn, òun ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ báyìí. Ẹjọ́ tèmi náà wà níbẹ̀, èmi ni mo fún yín."

"Kí ni ǹ bá ṣe?"

"Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ bá ṣe."

Ó wolẹ̀. "Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ló ń gbé pákó báyìí?"

Olùkọ́ dìde, ó kọrí sí ilẹ̀kùn.

"Ẹ má wá síbí lọ́jọ́bọ̀ mọ́," nọ́ọ̀sì wí, "àfi tí inú bá ń run yín." Nígbà tí olùkọ́ jáde tán, nọ́ọ̀sì ká báńdéèjì kan ṣoṣo ní ẹ̀ẹ̀mẹfà.

Ohun mìíràn tún wà ńlẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ò mọ̀. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ fẹ̀yìn tì, ọ̀gá sì ti pe olùkọ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní tí kíláàsì rẹ̀ bá tún ṣe ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan sí i, olùkọ́ náà ni wọ́n máa fi síbẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá rẹ̀ fi retí ipò yẹn, kò sì dé ibẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, olùkọ́ lọ sílé bàbá rẹ̀. Fọ́tò kíláàsì láti ọdún dé ọdún wà lára ògiri pálọ̀, ẹni ìkọ́ kìíní ló máa ń wà láàárín. Baba ń nu gíláàsì ojú rẹ̀.

"Bàbá, mo fẹ́ yọ Àkàbà."

"Kí o tún un kùn?"

"Kí n yọ ọ́, sà. Pátápátá."

Bàbá gbé gíláàsì wọjú kó lè rí i dáadáa. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Nọ́ọ̀sì tí wọ́n ní ò ń bá rìn yẹn? Tó ń bu omi fún ọmọ kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò?"

"Òun kọ́, sà. Ọmọ kan ló fi ilé-ìwé sílẹ̀ nítorí mi."

"Ọmọ tó bá lè gòkè, á gòkè. Ìwọ náà gòkè."

"Bàbá, ta ló bọ́ sórí ìkọ́ ogójì lẹ́yìn mi?"

"Mi ò rántí." Baba dáhùn kí ìbéèrè tó parí. Ó bọ́ gíláàsì, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. "Gbọ́ mi. O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di igbákejì ọ̀gá. Tó o bá yọ nǹkan yẹn, má mú obìnrin yẹn wá sínú ilé yìí."

Olùkọ́ dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó lọ.

Kò lọ sílé. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà Ẹnu-Ọ̀nà ló gbà lọ, ìyá aránṣọ kan tó ń gbé yàrá méjì lẹ́yìn ilé ìfọṣọ. Nígbà tó wọlé, ó bá nọ́ọ̀sì tó jókòó sílẹ̀, ó ń bá ìyá náà, tó wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tú okùn etí aṣọ kan. Kò sí ẹni tó sọ fún ẹnì kejì pé òun ń bọ̀. Wọ́n wo ara wọn. Nọ́ọ̀sì sún, ó fi àyè sílẹ̀ fún un lórí ẹní.

Ọmọbìnrin náà ò jáde. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló ti sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, ṣé ẹ fẹ́ dá pákó mi padà ni? Ìkọ́ wo lẹ fẹ́ gbé e kọ́?"

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

"Nígbà tí mo wà lórí ìkọ́ ogójì, mo ṣì wà nínú kíláàsì. Ẹ wá yọ mí. Mo wo òkè, mo wo ìsàlẹ̀, mi ò sí níbì kankan."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé láti ọdún tóun ti ń kọ́ ọmọ, òun ò tíì bi ẹnikẹ́ni tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn bó ṣe rí níbẹ̀.

"Kò ní sí ìkọ́ mọ́," ó wí.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu nìyẹn," ìyá àgbà wí, kò gbé ojú sókè.

"Òótọ́ ni, Mà. Ẹ jẹ́ kó wá wò ó lọ́jọ́bọ̀. Tí mo bá purọ́, kó máa padà bọ̀ nílé."

Nígbà tí wọ́n dé ìta, nọ́ọ̀sì bi í pé, "Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó ní n kò gbọdọ̀ mú ọ wá sílé."

"Ṣé ìyẹn ò dùn ọ́?"

"Ó dùn mí gan-an." Wọ́n rìn díẹ̀. "O pè mí ní ìwọ."

"Mo gbọ́ ara mi," nọ́ọ̀sì wí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ní ẹ̀kọ́ kẹta, olùkọ́ gbé òòlù wọlé. Ó kọ́kọ́ dá pákó kálukú padà fún un, ó fi lé wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gun àga. Ìṣó ńlá mẹ́jọ ni bàbá rẹ̀ fi kan Àkàbà mọ́ ògiri, ó sì kàn án kó má ṣeé yọ láéláé. Àwọn ọmọ jókòó, ẹnu wọn là sílẹ̀. Nígbà tó dé ìṣó kẹta, òógùn ti bo ojú rẹ̀, ọmọ méjì dìde wá di ẹ̀gbẹ́ pátákó mú. Nígbà tó dé ìkarùn-ún, ilẹ̀kùn ṣí, Ẹnu-Ọ̀nà wọlé, ó gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó di ìsàlẹ̀ pátákó mú, níbi tí ìkọ́ ogójì wà.

Wọ́n jọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀dà ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣì ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n kùn ún.

"Kí kálukú jókòó síbi tó bá wù ú," olùkọ́ wí.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbà á gbọ́. Lẹ́yìn náà ariwo sọ. Ó jẹ́ kí wọ́n pariwo. Nígbà tó rọlẹ̀, ó mú ṣọ́ọ̀kì. "Mo fẹ́ bi yín ní ohun kan tí n kò bi yín rí. Kí lo mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹlòmíràn nínú yàrá yìí ò mọ̀?"

Wọ́n ń wá ẹ̀tàn inú rẹ̀.

Ẹnu-Ọ̀nà na ọwọ́ sókè. "Mo máa ń mọ̀ tí èèyàn bá fẹ́ bì."

Ẹ̀rín sọ, ọmọ tí wọ́n pọn lọ́jọ́ yẹn ló sì rẹ́rìn-ín jù. "Òótọ́ ni o, Tíṣà. Ó mọ tèmi kí n tó mọ̀ ọ́n."

"Báwo lo ṣe ń mọ̀?"

"Ètè wọn á funfun. Wọ́n á gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo wà, Tíṣà, ọ̀dọ̀ mi ni gbogbo wọn ń gbà jáde."

"Nínú ẹni mẹ́wàá tó o bá sọ pé ó máa bì, ẹni mélòó ló ń bì?"

Ó kà á lórí ìka. "Mẹ́sàn-án. Ẹnì kan wà tó kàn ń bẹ̀rù."

Olùkọ́ kọ ọ́ sára pátákó ìkọ̀wé, mẹ́sàn-án lórí mẹ́wàá, ó sì fi kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe tó ti ń sá fún láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nítorí pé kò yé ẹnikẹ́ni. Ó yé wọn lọ́jọ́ yẹn. Nọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn fèrèsé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò wọlé. Ó lọ sílẹ̀, ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò wá.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ kan ló ń mú ohun tó mọ̀ wá ní Ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, kíláàsì á sì wá ìṣirò inú rẹ̀. Ẹni tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún kẹ̀kẹ́ ṣe mú jáǹtì, irin rìbìtì tí táyà ń wọ̀, wá. Ẹni tó mọ irun dì fi orí ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ wọn ní ìpín. Ẹnu-Ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lo àkókò ìsinmi rẹ̀ ní yàrá ìtọ́jú. Ó ń ka ìwé nọ́ọ̀sì, ó sì ń béèrè ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ní láti lọ wádìí. Ìgbà tí ẹnì kan pè é ní Ẹnu-Ọ̀nà láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Èmi náà ni. Tó o bá fẹ́ bì, ọ̀dọ̀ mi lo máa gbà kọjá."

Àbájáde ìdánwò àpapọ̀ jáde. Kíláàsì náà ṣe ipò kẹrin.

Ọ̀gá ilé-ìwé gbé ìwé náà síwájú olùkọ́. "Ẹlòmíràn ni mo máa fi ṣe igbákejì. Ìwọ lo fọwọ́ ara rẹ fà á."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kò dùn ọ́?"

"Ó dùn mí, Mà. Ṣùgbọ́n ogójì ni wọ́n, ogójì ló jókòó ṣèdánwò. Lọ́dún tó kọjá, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló jókòó, àwọn yòókù ń ṣàìsàn. A ò ka àwọn yẹn nígbà tí à ń yangàn."

Ọ̀gá fa ìwé náà padà. Olùkọ́ jáde pẹ̀lú orí gíga.

Nọ́ọ̀sì ń dúró dè é. Ó ti gbọ́. Kò kí i kú ìrọ́jú. Ó ṣí rẹ́jísítà, ó tì í sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Wò ó."

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ṣí òmíràn."

Ó ṣí i. Gbogbo ojú ìwé tó ní Ọjọ́bọ̀ lókè láti oṣù mẹ́ta ṣófo, yàtọ̀ sí ọmọ kan tó fi ìka há sílẹ̀kùn. Kò sí lẹ́tà ìfẹ́ kan tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Fún mi ní bírò," ó wí.

Ó kọ ọ́ sójú ìwé tó ṣófo. Níbi orúkọ: Alákàbà tẹ́lẹ̀ rí. Níbi kíláàsì: kò ní kíláàsì, kì í ṣe igbákejì ọ̀gá. Níbi ohun tó ń ṣe é: ó fẹ́ fẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó dá ìwé náà padà.

Nọ́ọ̀sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ojú rẹ̀ rọ̀. "O ti ba ìwé ìjọba jẹ́."

"Ibi ìtọ́jú ṣì ṣófo."

Ó gba bírò, ó kọ ọ́ síbẹ̀: kó máa mu omi, lọ́dọ̀ mi, lójoojúmọ́. Ó buwọ́ lù ú.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó kù díẹ̀, nọ́ọ̀sì nìkan lọ sílé bàbá ọkùnrin náà. Àkàbà tí wọ́n ti dá padà fún un wà ní pálọ̀, wọ́n fi í ti ògiri, ojú rẹ̀ kọ sí ògiri. Ó kúnlẹ̀ kí Baba.

"Ìwọ lo ba iṣẹ́ mi jẹ́," Baba wí.

"Èmi ni, sà. Ọmọ yín ló yọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. A máa ṣègbéyàwó ní Sátidé tó ń bọ̀, ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Àga yín wà níwájú."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ń bọ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ, sà. Ọmọ kan ṣoṣo lẹ bí. Àga náà á wà níbẹ̀."

Ní Sátidé, gbọ̀ngàn kún. Gbogbo ogójì ọmọ wá, wọ́n wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n jókòó bó ṣe wù wọ́n. Ẹnu-Ọ̀nà ló ń fi àlejò jókòó. Ìyàwó wọlé nínú aṣọ funfun tí ìyá aránṣọ rán, ó ń rìn kíákíá bí ẹni tí aláìsàn ń dúró dè. Ọkọ wò ó bó ṣe ń bọ̀, kò sì wá ọ̀rọ̀ dídùn kankan. Ó kàn sọ pé, "O dé."

"Mo dé," ìyàwó wí. "Ṣé o ti jẹun?"

"Mo jẹun."

Àga iwájú ṣì ṣófo. Ìgbà yẹn ni Baba dé. Ẹnu-Ọ̀nà sáré lọ bá a, ó fẹ́ mú un lọ síwájú. Baba di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àga kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ìyẹn tó gbẹ̀yìn pátápátá. Ibẹ̀ ló jókòó sí.

"Àga yín wà níwájú, sà."

"Mo mọ̀. Jẹ́ kí n wà níbí." Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. "Ọmọ kan jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn báyìí nínú kíláàsì mi lẹ́yìn tí ọmọ mi kúrò níbẹ̀. Ó lo ọdún méjì. Ní ọjọ́ kan ó gba ilẹ̀kùn jáde, kò padà mọ́. Mo mọ orúkọ rẹ̀. Mo parọ́ fún ọmọ mi pé n kò rántí."

Ẹnu-Ọ̀nà fa àga kan, ó jókòó tì í.

Lókè gbọ̀ngàn, wọ́n ní kí ọkọ sọ ẹ̀jẹ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ ketekete, gbogbo èèyàn gbọ́. Àwọn tó wà níwájú ní ojú rẹ̀ tàn lọ́jọ́ yẹn bí èyí tí wọn ò rí rí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Baba na ọrùn sọ́tùn-ún, ó nà án sósì. Ẹ̀yìn orí àwọn èèyàn ló rí. Kò rí ojú ọmọ rẹ̀.